Wáyà Kan Tí Kò Yẹ̀ Wò

Ohùn awakọ̀ náà ni obìnrin náà kọ́kọ́ gbọ́ kí ó tó rí ojú rẹ̀. Ọkùnrin náà wà lórí ìjókòó tírélà ńlá kan tó dákẹ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń bẹ ọkọ̀ bí ẹni ń bẹ ìyàwó tó ti di ẹrù sílẹ̀.

"Jọ̀ọ́, dìde. Má dójú tì mí níbí. Tó o bá ti lè gbé mi délé, gbogbo ohun tó o bá wí ni n ó gbọ́."

Ó yí kọ́kọ́rọ́. Kẹ́. Ó tún un yí. Kẹ́. Ẹ́ńjìnnì ò mira.

Obìnrin náà fi àkísà nu ọwọ́, ó jáde síta. "Ẹ jẹ́ kó sinmi, ẹ̀gbọ́n. Kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ ló ń fẹ́."

Awakọ̀ yọrí lójú fèrèsé. "Ẹ káàsán o. Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní ríwáyà kan wà níbí. Ṣé ó wà nílé?"

"Òun náà lẹ ń wò yìí."

Ríwáyà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí iṣẹ́ iná ọkọ̀ ló ń ṣe. Bàbá rẹ̀ ló fi iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́ nígbà tí ojú bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ríwáyà ti lé díẹ̀ lọ́gbọ̀n ọdún, ó sì mọ ohun tó máa ń tẹ̀lé irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀: ẹ̀rín ni, tàbí "Ṣé kò sí ọkùnrin kankan níbí ni?" Awakọ̀ yìí ò rẹ́rìn-ín. Ó sọ̀kalẹ̀, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ó ti dọwọ́ yín nìyẹn." Ohun àkọ́kọ́ tó wù ú lára ọkùnrin náà nìyẹn.

Bí ọkọ̀ bá kọ̀ láti dìde, sítátà ni gbogbo èèyàn máa ń nàka sí, ìyẹn irin tó ń ti ẹ́ńjìnnì jí. Ṣùgbọ́n bàbá Ríwáyà ti kọ́ ọ pé ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n ń bi ọkọ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan sítátà. Ṣé agbára wà nínú bátìrì? Ṣé agbára náà ń dé orí sítátà? Ṣé ó ń rọ́nà padà sílé? Wáyà kan ní í gbé iná lọ, òmíràn ní í gbé e padà sínú bátìrì, èyí tó ń gbé e padà yìí ni wọn kì í sábà kà sí. "Iná tí kò rọ́nà padà sílé," bàbá a máa wí, "kò lè ṣiṣẹ́ lóko."

Lọ́jọ́ yẹn, ìbéèrè àkọ́kọ́ ló ti rí ìdáhùn. Ẹnu bátìrì ti hu funfun, ó sì ti tú. Ríwáyà da omi gbígbóná sí i, ó fi búrọ́ọ̀ṣì irin ha á, ó dè é le.

"Ó yá, ẹ yí i."

Ọkọ̀ bú ramúramù. Awakọ̀ pa ojú dé bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀.

"Ṣé gbogbo ẹ̀ nìyẹn?" ó béèrè.

"Ẹ fẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ ni?"

"Rárá o. Ó kàn wù mí kó pẹ́ díẹ̀ sí i ni."

Ríwáyà fẹ́ fajú ro. Ẹ̀rín ló jáde.

Jẹ́jẹ́ ni àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Ọdún méjìlá ló ti fi wa tírélà fún ilé-iṣẹ́ akẹ́rù kan, kò fi gbá adìẹ rí. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ọ̀sẹ̀ tí iná kan kì í kú lára ọkọ̀ rẹ̀. Lónìí iná ẹ̀yìn, lọ́la iná inú. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, Ríwáyà mú gílóòbù náà sókè síwájú rẹ̀.

"Jẹ́jẹ́, gílóòbù yìí ò kú. Ẹnìkan ló tú u."

"Irú èèyàn burúkú wo nìyẹn?"

"Tó o bá fẹ́ wá, máa wá. Fi iná ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ sílẹ̀."

Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ń pè é ní Iná mi, òun náà ń pè é ní Jẹ́jẹ́ mi. Bó bá ti ọ̀nà jíjìn dé, á jókòó sórí táyà àtijọ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù, á máa ròyìn àwọn ìlú tó kọjá fún un, Ríwáyà á sì máa ṣiṣẹ́ lọ, orí rẹ̀ nínú ikùn ọkọ̀, etí rẹ̀ lọ́dọ̀ olólùfẹ́ rẹ̀. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èèyàn lè láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú òórùn epo.

Bàbá ò pọ̀ lọ́rọ̀. "Ẹni tó wakọ̀ jẹ́jẹ́, á fẹ́yàwó jẹ́jẹ́," ó ní. Ó parí.

Ìyá Jẹ́jẹ́ lọ̀rọ̀ kù sí lọ́wọ́. Aránṣọ ni màmá náà, òun nìkan ló tọ́ ọmọ rẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Nígbà tí ó kọ́kọ́ gbọ́, ńṣe ló fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Obìnrin tó ń nà gbalaja sábẹ́ ọkọ̀? Ta ni yóò wá máa wọ sòkòtò nínú ilé yín?" Ṣùgbọ́n Jẹ́jẹ́ rọ̀ ọ́ títí, ó sì gbà láti rí ọmọbìnrin náà. Ọjọ́ Sátidé, aago mẹ́rin ọ̀sán.

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé náà gan-an ni Jẹ́jẹ́ gbé tírélà wá. Ọ̀tẹ̀ yìí, kò tú ohunkóhun. Bí ọkọ̀ bá ti gbóná, ó máa ń kọ̀ láti dìde, á kàn máa dún kẹ́, kẹ́.

Ríwáyà wọn bátìrì: ó le. Ó wọn iná orí sítátà: ó pé. Ó tú sítátà wò, kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀, ìyẹn èyí tó ń gba iná wọlé, ti jẹ tán. Ẹ̀sùn ti rí ẹlẹ́ṣẹ̀. Ó wá òmíràn tó dára, ó dè é mọ́ ọn. Wọ́n yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ọkọ̀ dìde.

Ó ku ìbéèrè kẹta. Láti bi í, ó ní láti jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, kí ó wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú mítà, kí ó wọn wáyà tó ń gbé iná padà. Wákàtí kan ni, ó lè jù bẹ́ẹ̀.

Jẹ́jẹ́ ti wẹ̀, ó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun, ó ń wo aago. "Iná mi, ó ti dìde. Aago mẹ́ta ti lù. Ìyá mi kì í fẹ́ràn ẹni tó bá pẹ́."

Ríwáyà tẹ̀ síwájú, ó wo wáyà náà láti òkè. Ó nípọn, ó dúdú, ara rọ́bà rẹ̀ ń dán.

"Ó dáa," ó ní, ó sì lọ fọ ọwọ́.

Màmá aránṣọ wò ó bí ẹni ń wo aṣọ lọ́jà. Ó wo èékánná rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó bi í nípa bàbá rẹ̀ àti ojú bàbá. Nígbà tó gbọ́ pé ọmọbìnrin náà ló ń dá tọ́jú bàbá rẹ̀, ara rẹ̀ rọ̀. Kò sọ pé òun gbà. Ó kàn fa okùn ìwọnṣọ kúrò lọ́rùn, ó ní, "Dìde dúró," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọn èjìká rẹ̀. "Kò sí ẹlòmíràn tó máa rán aṣọ ìgbéyàwó ìyàwó ọmọ mi." Jẹ́jẹ́ yíjú sí ògiri kí wọ́n má baà rí omijé rẹ̀.

Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀sán gangan, tírélà náà kú sí agbedeméjì ojú irin.

Ọlọ́kadà kan ló já wọ iwájú rẹ̀. Jẹ́jẹ́ tẹ bíréèkì, ẹ́ńjìnnì kú. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Kẹ́. Ó gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin lókèèrè. Ó tún un yí. Kẹ́. Ó tún un yí. Ìgbà tó ṣílẹ̀kùn tó ń bẹ́ sílẹ̀, ọkọ̀ ojú irin ti já mọ́ ẹ̀yìn tírélà, orí ọkọ̀ fì, ó sì ká ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ òpó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kúrò lókè orúnkún.

Ọjọ́ mẹ́fà ni Ríwáyà fi sùn sórí àga ọsibítù. Òun àti màmá ń pín ìṣọ́ ṣe. Àwọn tó ń wá kí wọn ń wí pé, "Ẹ má bara jẹ́, omi ló dànù, agbè ò fọ́." Màmá á dúpẹ́. Bí wọ́n bá ti lọ tán, á ní, "Àwọn kọ́ ló máa fi agbè tó sán pọnmi." Á wá di ọwọ́ Ríwáyà mú.

Ní ọjọ́ keje, ìwé dé láti ilé-iṣẹ́. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ojú irin náà fara pa púpọ̀, ìgbìmọ̀ kan yóò sì jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí ilé-iṣẹ́ wí ni pé àìbìkítà awakọ̀ ló fà á, nítorí sítátà tuntun ló wà lára ọkọ̀ náà, ó sì wà lákọsílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n rán Jẹ́jẹ́ lọ sẹ́wọ̀n.

"Mo yí i lẹ́ẹ̀mẹta," Jẹ́jẹ́ ń wí lórí ibùsùn. "Kẹ́ ló ń dún. Kẹ́, kẹ́. Kò sẹ́ni tó gbà mí gbọ́."

Ìdí Ríwáyà kò gbé ilẹ̀ mọ́. Ó ní òun fẹ́ lọ wo bàbá òun.

Lọ́jọ́ kejì, ó fa bàbá lọ́wọ́ lọ sí ọgbà tí wọ́n wọ́ orí ọkọ̀ náà sí. Gétìmáànù tó mọ̀ wọ́n ṣí ilẹ̀kùn. Bàbá jókòó lórí bíríkì kan, ó na ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀.

"Bi í," ó ní.

"Bátìrì le, Bàbá."

"Orí sítátà ńkọ́?"

"Iná ń dé ibẹ̀."

"Ó ku ẹyọ kan."

Ríwáyà wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó fi ẹnu mítà kan sí bátìrì, èkejì sí ara ẹ́ńjìnnì, ó ní kí gétìmáànù bá òun yí kọ́kọ́rọ́. Kẹ́. Òǹkà orí mítà tó yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan fò sókè. Iná ń lọ, kò rọ́nà padà. Ó fa wáyà mìíràn tó nípọn láti ẹnu bátìrì lọ sí ara ẹ́ńjìnnì. "Ẹ tún un yí." Ẹ́ńjìnnì tó ti kọ̀ fún Jẹ́jẹ́ níwájú ikú bẹ̀rẹ̀ sí í yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Ó gé wáyà àtijọ́ náà. Rọ́bà rẹ̀ ṣì ń dán. Inú rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé lásán, ìwọ̀nba okùn bàbà díẹ̀ ló kù.

Ó gbé e lé bàbá lọ́wọ́. Bàbá fi ìka tẹ inú rẹ̀ wò, ó sì mọ̀.

"Ṣé o wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ Sátidé yẹn?"

"Rárá, Bàbá."

Bàbá fi ọ̀pá rẹ̀ ha ilẹ̀ títí. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìwọ àti èmi nìkan ló mọ̀. Èmi náà sì rèé, ojú mi ò ríran. Mi ò rí nǹkan kan níbí lónìí."

Ríwáyà wo bàbá tó kọ́ ọ ní òtítọ́ pẹ̀lú iṣẹ́, tó fẹ́ fi ojú rẹ̀ tó fọ́ bò ó láṣìírí. Ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. Ó gbé orí lé orúnkún bàbá, ó sunkún níbẹ̀.

Jẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Ó ti ilẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó sọ gbogbo rẹ̀ láì fi ọ̀kan pamọ́. Ó gbé wáyà náà lé e lọ́wọ́.

Jẹ́jẹ́ yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Ṣé èyí ló jẹ ẹsẹ̀ mi?"

"Èmi ni. Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe, mi ò ṣe é."

"Èmi ni mo kán ẹ lójú. Èmi ni mo ní aago mẹ́ta ti lù."

"O kì í ṣe ríwáyà. Èmi ni ríwáyà."

Jẹ́jẹ́ ká wáyà náà, ó tì í sábẹ́ ìrọ̀rí. "Iná mi, gbọ́ mi. Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Jẹ́ kí wọ́n dá mi lẹ́bi. Ẹsẹ̀ ti lọ, iṣẹ́ awakọ̀ ti lọ, kí ló tún kù tí wọ́n fẹ́ gbà? Ṣùgbọ́n tí ìyá mi bá gbọ́ èyí, a ò ní fẹ́ra wa láéláé. Mo mọ̀ ọ́n."

"Kí o wá lọ sẹ́wọ̀n fún ẹ̀ṣẹ̀ mi?"

"Bí mo bá dé, n ó bá ẹ nílé. Ṣé o ò ní dúró dè mí ni?"

Ríwáyà fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá ojú rẹ̀ mú. "Ọdún méjìlá lo fi wakọ̀ tí wọ́n fi ń pè ẹ́ ní Jẹ́jẹ́. Orúkọ yẹn nìkan ni wọn ò tíì gé lára rẹ. Bí mo bá jẹ́ kí wọ́n gé e, ilé wo la máa gbé, Jẹ́jẹ́ mi, tí mo máa lè wojú rẹ nínú ẹ̀?"

Ó yọ wáyà náà lábẹ́ ìrọ̀rí. Jẹ́jẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú títí agbára rẹ̀ fi tán.

Níwájú ìgbìmọ̀, Ríwáyà dúró ṣánṣán. Ó gbé wáyà náà sórí tábìlì, ó ṣàlàyé ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ní méjì ni òun bi. Alága ìgbìmọ̀ béèrè bóyá ó mọ ohun tó ń sọ. Ó ní òun mọ̀ ọ́n. Kò dárúkọ aago mẹ́ta, kò dárúkọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun. Ara rẹ̀ nìkan ló dá lẹ́bi.

Wọ́n dá Jẹ́jẹ́ láre. Ilé-iṣẹ́ gba iṣẹ́ ọkọ̀ wọn kúrò lọ́wọ́ Ríwáyà kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ìgbìmọ̀ sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ọkọ̀ akẹ́rù kankan fún ọdún méjì. Àwọn awakọ̀ tó ń kí i láti òkèèrè bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá bí ẹni tí kò rí i.

Ìyà yẹn kò tó nǹkan. Èyí tó wúwo wà lẹ́nu ìyá Jẹ́jẹ́.

Màmá ò pariwo, kò ṣépè. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, kò ní kí ó wọlé.

"O sọ òtítọ́, ọmọ mi ò lọ sẹ́wọ̀n," ó ní. "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, mo sì dúpẹ́ dénú. Ẹlòmíràn ò ní ṣe é."

"Màmá, ẹ dárí jì mí."

"Mo ti ń gbìyànjú ẹ̀ láti àná." Ó wo inú ilé lẹ́yìn rẹ̀. "Èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́ báyìí, ọkùnrin gìrìpá. Èmi ni mò ń gbé e. Mi ò lè jókòó nínú ilé yìí kí n máa wo ọwọ́ rẹ tó ń gbé oúnjẹ síwájú ẹ̀. Mi ò lè ṣe é, ọmọ mi. Má jẹ́ kí n parọ́ fún ẹ."

Ó sì rọra ti ilẹ̀kùn.

Jẹ́jẹ́ ní kí Ríwáyà fún òun ní àkókò, inú màmá á rọ̀. Ríwáyà dúró. Oṣù kan, oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́fà. Lákọ̀ọ́kọ́ wọ́n ń pe ara wọn lórí fóònù ní àràárọ̀. Nígbà tó yá, ó di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn ń kúrú sí i, wọ́n a máa kí ara wọn bí àlejò: iṣẹ́ ńkọ́, ara ńkọ́, bàbá ńkọ́.

Lọ́jọ́ kan Ríwáyà gba ara rẹ̀ níyànjú. "Jẹ́jẹ́, ṣé ìyá rẹ nìkan ni?"

"Rárá," ó ní. "Èmi náà ni. Mi ò bínú sí ẹ. Ọlọ́run gbọ́, mi ò bínú. Tí mo bá gbóhùn rẹ, inú mi á dùn fún ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà n ó gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin yẹn. Mo rò pé ó máa lọ. Kò lọ, Iná mi."

Ríwáyà gbé fóònù náà mọ́ àyà. Ìbànújẹ́ dé bá a, ṣùgbọ́n kò yà á lẹ́nu.

Ó ku díẹ̀ kó pé ọdún kan tí Jẹ́jẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá wà nínú sòkòtò rẹ̀, igi ìtilẹ̀ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti rù, ó sì ti gbó. Ríwáyà ń tún rédíò ọkọ̀ kékeré kan ṣe, ohun tó kù tó ń ṣe nìyẹn. Ó gbé àga fún un. Jẹ́jẹ́ ò jókòó.

"Ilé-iṣẹ́ fún mi níṣẹ́ ọ́fíìsì," ó ní. "Èmi ni n ó máa tọ́jú ìwé àwọn ọkọ̀ tó ń jáde. Ìlú mìíràn ni, ó jìnnà. Èmi àti màmá ń lọ lọ́la."

"Mo bá ẹ yọ̀," Ríwáyà wí, ó sì jẹ́ òtítọ́.

"Mi ò lè lọ láì rí ẹ."

"Mo mọ̀."

"Tí wákàtí kan yẹn bá lè padà wá, màá jókòó sórí táyà, màá dúró dè ẹ́. Kí ìyá mi máa bínú."

"Má sọ ọ́ mọ́, olólùfẹ́."

Jẹ́jẹ́ na ọwọ́, ó fi ìka nu epo kúrò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ náà pẹ́ níbẹ̀. Ríwáyà di ojú, ó jẹ́ kó pẹ́.

Nígbà tó fẹ́ máa lọ, Ríwáyà gbé ẹsẹ̀ láti sìn ín dé ibùdókọ̀. Jẹ́jẹ́ mi orí.

"Má sìn mí. Dúró síbẹ̀ kó o wò mí. Mo fẹ́ kó o rí i pé mo lè rìn."

Ríwáyà dúró. Jẹ́jẹ́ bọ́ sí títì, igi ìtilẹ̀ ṣíwájú, ẹsẹ̀ tẹ̀lé e. Ó lọ dáadáa títí dé ìkángun òpópónà. Níbẹ̀ ni ẹsẹ̀ náà kọ òkúta, ó sì yẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ gbá ògiri mú. Ẹsẹ̀ Ríwáyà méjèèjì fò kúrò nílẹ̀ fúnra wọn. Ó fi agbára dá ara rẹ̀ dúró, ó fi ọwọ́ di férémù ilẹ̀kùn mú títí èékánná rẹ̀ fi wọnú igi.

Jẹ́jẹ́ nàró. Ó fa ẹ̀wù rẹ̀ tọ́. Kò wẹ̀yìn. Ó yà sọ́tùn-ún, kò sì sí mọ́.

Ríwáyà dúró síbẹ̀ títí, ó ń wo igun ògiri náà. Nígbà tó tó gẹ́ẹ́, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó sì sunkún sókè, ní ojúmọ́mọ, níwájú gbogbo àwọn tó ń kọjá, bí ẹni tí kò ní ohunkóhun láti fi pamọ́ mọ́.